Mo Lóṣòó Síwájú Omi

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí gíláàsì ti kún fún omi
tí kò sí ẹyọ ẹ̀mí kan nínú rẹ̀.
Àwọn ará ilé ń kọjá, wọ́n ń bojú wò mí:
"Bàbá, ta lẹ ń retí?"
Omi kànga wa ní Ìsọ̀kun ni, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ.
Yanrìn tí Ọmọ́yẹni fọ̀ nígbà méje,
òkúta mẹ́ta, gbòǹgbò igi kan tí mo sè bí ẹni ń se àgbo,
ẹ̀rọ kékeré kan tó ń hó
bí ìkòkò tí kò níná nídìí.

Rọ́pò, ọmọ tó ń ta ẹja ní Ifẹ̀, ló sọ fún mi
pé omi titun kì í ṣe ilé.
Ó ní àwọn ohun tí ojú kò rí ni yóò kọ́kọ́ kó wọlé,
wọn yóò bà sára òkúta,
wọn yóò kọ́ bí a ti í jẹ ìdọ̀tí
kí ẹja tó dé wá ṣe ìdọ̀tí.
"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Omi ń gbó ni."
Omi ń gbó!
Mo ti rò pé àgbàdo nìkan ló ń gbó,
àti èmi.

Òṣómàáló ni bàbá mi.
Ó ru aṣọ kúrò ní Iléṣà lọ sílùú tí n kò mọ̀,
ó tà á láwìn, ó padà lọ gbowó.
Bí onígbèsè bá gbé àga fún un, kò ní jókòó.
"Òṣòó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Nígbà èwe, ìtìjú ló jẹ́ fún mi.
Ẹ wá wò mí lónìí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
orúnkún ń ké,
mo lóṣòó síwájú omi tó jẹ mí ní gbèsè ẹja.

Ní Sátidé, a lọ.
Ọmọ́yẹni fẹ́ gbogbo ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.
Ó fẹ́ oníjà, tó na lẹbẹ bí ẹni wọ agbádá ẹlòmíràn.
Rọ́pò ní bí èyí bá rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì,
yóò gbéjà kò ó.
Mo ní mo mọ irú wọn, a ti jọ ṣe kọmitíì rí.
Ó fẹ́ ọmọ àrọ̀ nítorí irùngbọ̀n.
Èyí á jẹ àwọn yòókù lóru,
bílẹ̀ bá mọ́, á máa wò wá bí ẹni tó gbààwẹ̀.
Márùn-ún la mú nígbẹ̀yìn, wọn ò ju èékánná lọ,
ìrù wọn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró.
Rọ́pò kò tà jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa:
"Ẹ má kó ẹbí wọ yàrá tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ."

Ní Òṣú, ọkọ̀ já sí kòtò.
Gbogbo wa pariwo, àfi ẹja.

A fi ọ̀rá náà lé ojú omi.
Wọ́n léfòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ilé láti òde.
Ife omi kan. A dúró. Ife omi mìíràn.
Oṣù mẹ́ta nìyí tí ìyá Ọmọ́yẹni mú un wá láti Kàdúná,
tó fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ láìtú, lẹ́nu ọ̀nà yàrá.
Ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n mọ̀ pé wọn ò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù?"
Mo bu ife mìíràn.

Lóru, iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́.
Mo dìde, mo lóṣòó nínú òkùnkùn,
mo ń bu omi, mo ń dà á padà láti òkè
kí atẹ́gùn lè bá a wọlé.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì: mẹ́rin.
Mo tún kà: mẹ́rin.
Ilẹ̀kùn dún. Ẹsẹ̀ kékeré méjì.
Ó lóṣòó tì mí, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn gbòǹgbò igi,
"Ìyẹn ń sá pamọ́ ni,"
ó sì gba ife lọ́wọ́ mi.