Orúkọ Ogójì

Èmi ni mo ń wọn wàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Kyomugisha ní Mbarara.
Lọ́jọ́ tó lọ sí àgọ́ Nakivale,
kò di ìrẹsì, kò di bùláńkẹ́ẹ̀tì.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé lọ:
"Kí lọwọ́ yín ń ṣe kí ogun tó dé?"

Rutebuka dìde. Ogójì màlúù ló fi sílẹ̀ lórí òkè Minembwe;
orúkọ wọn nìkan ló rí gbé sá.
Ó gba garawa lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:
"Abo yìí jẹ ewé kíkorò lánàá. Ẹ má pò ó mọ́ ìyókù."
Mo rẹ́rìn-ín.
Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Owó oṣù dé. Báńkì ní káàdì ogúnléndé kì í ṣe káàdì.
Ọ̀gá wọ bàtà oko, tòun ti ìgbẹ́ màlúù lábẹ́ rẹ̀,
ó lọ jókòó níwájú máníjà láti àárọ̀:
"Bí owó Rutebuka kò bá wọlé síbí, tèmi yóò jáde."
Kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe àánú o. Mo ti rí àánú rí:
ó máa ń ya fọ́tò, ó máa ń tètè lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rutebuka ra abo kan, pupa, ìwo gígùn.
Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.
Ó dákẹ́ títí.
Ó ní òun kò tíì lè yan ọ̀kan nínú ogójì.