Ẹ̀kọ Tó Da Omi

Ìyá wa kì í jẹ́ ká da àjẹkù ẹ̀kọ padà sínú ìkòkò.
"Itọ́ yín ti kàn án," ni yóò wí.
Bí a bá ṣàìgbọ́ràn, tí ilẹ̀ mọ́,
a ó ṣí ọmọrí: omi.
Ẹ̀kọ tó ki débi tí ṣíbí ń dá dúró nínú rẹ̀ lálẹ́ àná
ti ń ṣàn bí omi ìfọwọ́.
A ò rí ẹni tó bu omi là á.

Mo rántí ẹ̀kọ yẹn lóru ọjọ́ Àlàmísì,
ní ọsibítù Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Mùfútáù ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ ní Ejìnrìn,
oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn ọ̀sà,
ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé ohun tó pè ní ewé gbígbẹ.
Paramọ́lẹ̀ kì í yà fún ẹnikẹ́ni lọ́nà.
Ojú eyín méjì péré, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún iṣu.
Wọ́n fi okùn àwọ̀n di orúnkún rẹ̀ pinpin,
wọ́n gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà.
Nọ́ọ̀sì Fẹ̀hìntọlá ló tú okùn náà, díẹ̀díẹ̀.
Ó ní okùn kì í dá oró dúró, ẹsẹ̀ ló ń pa.

Ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tó mọ́,
ó gbé e sójú fèrèsé,
ó ní ká má fọwọ́ kàn án fún ogún ìṣẹ́jú.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn ló fi là mí lóye.
"Ejò ò ní ọlọ," ó ní, "kò ní àdògán,
kò ní eyín tó lè rún egungun eku.
Itọ́ rẹ̀ ni iná rẹ̀.
Kó tó gbé ẹran mì,
ẹran ti ń dà nínú awọ ara rẹ̀."

Ẹ́ńsáìmù ni ó pè wọ́n.
Ahọ́n mi kọ̀ ọ́, mo fún wọn lórúkọ tèmi.
Tú-ọgbà ni ọ̀kan:
okùn tó so ẹran mọ́ ẹran ló ń já,
kí àwọn yòókù lè ráyè kọjá.
Òmíràn ń họ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀
bí ikán ṣe ń họ pákó,
títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jò lọ síbi tí kò ní iṣẹ́.
Èyí tó kéré jù ló bà mí lẹ́rù jù:
ọ̀rá ló ń jẹ,
ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan,
bí ọṣẹ ṣe ń jẹ epo lára àwo.
Kì í rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣe tibí tán, wọ́n sún sí tọ̀hún,
wọn ò dínkù.

Ẹsẹ̀ Mùfútáù ti wú dé itan,
ó ń dán bí igbá tí wọ́n fi epo pa.
Ìléròrò kan yọ lókè kókósẹ̀, ó tó ẹyin awó.
Ó bi mí pé ta ni yóò hú ẹ̀gẹ́.
Ó tún bi mí.

Àkókò pé.
Nọ́ọ̀sì tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò dì.
Ó ṣàn wẹ́rẹ́ láti ìhín sí ọ̀hún,
bí ẹ̀kọ àná.

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ aporó jáde nínú fìríìjì.
"Èyí á mú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́," ó wí,
"ṣùgbọ́n ohun tó ti yọ́, ó ti yọ́ náà nìyẹn."
Ìka ẹsẹ̀ méjì la fi sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀gẹ́, èmi ni mo hú u, nínú bàtà òjò,
mo ń fi igi lu ilẹ̀ níwájú ara mi.
Ìyá wa ti lọ tipẹ́. Síbẹ̀
mo ń fọ ṣíbí
kí n tó tún tì í bọ ìkòkò.