Aṣọ Ìnujú Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé

Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù,
kí wọ́n tó jáde ìsìn òwúrọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta,
a ti tò sí pápá ilé ìwé tó kọjú sí ọ̀sà:
Màsẹ́dì Músẹdíkù, funfun bí eyín ọmọdé,
Dátísìn Láníyonu, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò ṣí mọ́
láti ọdún tó ti gbéyàwó,
Ìjàpá Fẹ́tuga,
àti Pijó bàbá mi, tí mo jogún tòun ti gbèsè rẹ̀.

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí dókítà tí ń yẹ ọ̀fun wò.
Ẹnìkan ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ plọ́ọ̀gì,
ẹnìkan di ojú, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì,
ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ, ó ń kùn bí ológbò tó yó."
Pijó tèmi a máa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn,
bí bàbá mi gan-an.
Èéfín á wá yọ, aláwọ̀ aró.
A ó pàtẹ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ń wò wá láti fèrèsé òkè.
Òun ló gba Láníyonu lọ́wọ́ ìyá rẹ̀,
tó gbá a nídìí kó tó mí.
Lọ́jọ́ náà ó sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo.
Ó tẹ́ aṣọ ìnujú kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi,
ẹ̀gbẹ́ kan funfun,
ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú bí ìdí ìkòkò.
"Àná ni mo nu ojú fèrèsé mi," ó ní.
"Tòní nìyí."
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ di ìró rẹ̀ mú: Ìbídùn,
ọmọ ọdún méje, ikọ́ fée,
àyà rẹ̀ ń súfèé láìjẹ́ pé inú rẹ̀ dùn.

Fẹ́tuga fò dìde.
"Ṣé àwa nìkan ni?
Tírélà tó ń lọ Àpápá ńkọ́?
Jẹnẹrétọ̀ ojúlé dé ojúlé ńkọ́?
Ẹ̀yin gan-an, Màmá, ẹ ò ní jẹnẹrétọ̀ ni?"
Òótọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.
Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀.
"Mo ní. N ò sọ pé ẹ̀yin nìkan ni.
Tírélà, n ò mọ ẹni tó ń wà á.
Ẹ̀yin ni mo mọ orúkọ yín."

Fẹ́tuga tanná, ó lọ.
Èéfín rẹ̀ dúró nínú pápá
bí àlejò tí wọ́n gbàgbé.
Wọ́n ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.
Èmi sì rò pé ìwà bàbá mi ni mo ń tọ́jú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, a ò tanná.
Láti ojúde kálukú la ti ń ti ọkọ̀ bọ̀,
òógùn bò wá, àwọn obìnrin ń fi wá rẹ́rìn-ín:
"Ẹ wo àgbààgbà tí mọ́tò ń gùn!"
Ìbídùn jókòó sídìí sítíárì Pijó,
ìrọ̀rí méjì lábẹ́ rẹ̀,
ó ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì, vuuu, vuuu.
Ká tó dé ìdí máńgòrò, ẹ́ńjìnnì náà kú.
A dúró.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Músẹdíkù ń wo bàtà rẹ̀.
Títí ó fi rí èémí, tó tún tanná.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wa Pijó lọ ibiṣẹ́.
N ò ní purọ́: Ìgànmú jìn sí ẹsẹ̀ mi,
mo sì fẹ́ràn ohùn rẹ̀.
Mo ti pààrọ̀ róńgì, mo ti tún kábúrétọ̀ ṣe,
aró yẹn ti ṣí díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.
Lálaalẹ́ Sátidé mo ń fi aṣọ ìnujú náà
nu ẹnu sàlẹ́ńsà,
mo ń gbé e gòkè lọ fún Nọ́ọ̀sì.
Ó ń wò ó, kì í sọ nǹkan kan.
Ó ń fọ̀ ọ́.
Ó ń dá a padà fún mi ní funfun.