Àdán Ilé Ìkàwé

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí ní Àgbádárìgì,
ó lu páànù àgọ́ mi bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Mo ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojú ìsopọ̀ ọkọ̀ Zánnú
nígbà tí Víyọ̀n ìyàwó mi kígbe láti ẹ̀yìnkùlé:
"Bàbá Sẹ́jìró, wá fọ́ àgbọn!
Ọ̀la ni Ẹtì Rere, ẹ̀wà ti wà nínú omi."

Mo fọ́ àgbọn. Omi rẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́,
ọkàn mi sì ti padà sí Koímbúrà.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni mo lọ. Ọmọ ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.
Ó ní òtútù ti ń lọ, ó ní igi ti ń rúwé.
Irọ́ ni. Eyín mi ń kọlu ara wọn
bí ọkọ̀ méjì tí a so mọ́ òpó kan.
Igi kan péré ló gbà pé ọdún ti yí:
ó yọ òdòdó funfun, kò tíì ní ewé,
bí ẹni tó dé fìlà kó tó wọ ṣòkòtò.

Òkè ni gbogbo ìlú náà, àtẹ̀gùn òkúta lórí àtẹ̀gùn òkúta.
Sẹ́jìró ń sáré níwájú, mo ń kà á lẹ́yìn.
Nígbà tí mo ka igba, mo jókòó.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá nínú agbádá dúdú tí kò lápá,
etí rẹ̀ fàya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.
Mo ní, "Ìṣẹ́ ni, àbí ọ̀fọ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Bàámi, ìfẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń bá wọn fà á ya."
Mo wo ẹ̀wù tèmi. Ìṣó ló fà á ya.

Ó mú mi wọ ilé ìkàwé àtijọ́.
Wúrà lára ògiri, ìwé tò bí ọmọ ogun.
Èmi ò wo wúrà. Pákó ni mo ń wò.
Mo nawọ́; ẹ̀ṣọ́ ní kí n má fọwọ́ kàn án.
Mo mọ igi tó ti ọ̀nà jíjìn wá
bí mo ṣe ń mọ ọmọ tí kì í ṣe ti ilé: ó dákẹ́ jù.
Òkun ló gbé e dé.
Ta ló gé e? Ta ló rù ú dé etí omi?
Ẹ̀ṣọ́ ò sọ ìyẹn fún mi.
Ohun tó sọ ni pé àdán ń gbé ẹ̀yìn ìwé,
pé tí ilẹ̀ bá ṣú, tí a ti ilẹ̀kùn, wọn a jáde,
wọn a máa jẹ kòkòrò tí ń jẹ ìwé.
Àní awọ ni wọ́n fi ń bo tábìlì nítorí ìgbẹ́ wọn!
Mo rẹ́rìn-ín títí ojú fi ti ọmọ mi.

Àdán tí à ń sọ lókò lórí igi fúrúùtù ní Màrínà,
àdán tó dorí kodò, tó ń wòṣe ẹyẹ,
lọ́hùn-ún, òṣìṣẹ́ ìjọba ni.
Mo rántí àpótí tí mo kó ìwé Sẹ́jìró sí nínú àgọ́.
Ikán jẹ ẹ́ délẹ̀.
Ìwé ìrìbọmi bàbá mi wà nínú rẹ̀,
pẹ̀lú orúkọ Àgùdà tó gùn,
tí mi ò lè pè tán mọ́.

Ebi pa wá. Ní ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí odò,
Sẹ́jìró ń ka ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ.
Ó pe ọ̀kan. Mo ní, "Tún un pè."
Fèjáùn.
Fíréjọ̀n!
Ẹ̀wà ni, láìsí àgbọn,
ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, nínú Lẹ́ńtì!
Mo jẹ ẹ́ tán. Omi bọ́ lójú mi.
Mo ní ata ni. Kò sí ata níbẹ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ò tíì sọ ọjọ́ tó máa bọ̀,
èmi náà ò sì bèèrè.
Ilẹ̀ ń ṣú sórí ọ̀sà.
Àdán kan wọlé, ó yí fìtílà ká lẹ́ẹ̀mejì,
ó so rọ̀ sára igi àjà.
Víyọ̀n gbá ìgbálẹ̀ mú: "Lé e, kì í ṣe ohun rere!"
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Mo wá tápólì ògbólógbòó kan,
mo fi bo ọkọ̀ Zánnú.