Ẹsẹ̀ Ẹtu Lẹ́yìn Wáyà

Sátidé, òjò àná ṣì wà lára ewé,
mo mú bàbá mi lọ wo ẹranko.
Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àpọ̀nmù,
níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó sí etí títì.
Bàbá fi ọ̀pá kan pátákó ẹnu ọ̀nà.
"Kí ni wọ́n kọ?"
Mo ní, "A kì í dọdẹ níbí."
Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́.

Ogójì ọdún ni Akíndójútìmí fi tan iná sójú ẹran
nínú òkùnkùn ẹ̀yìn Ìdànrè.
Owó ilé-ìwé mi, itan ìgalà ni.
Bàtà mi àkọ́kọ́, òòrẹ̀ méjì.
Nísinsìnyí àwọ̀ funfun ti bo ojú òsì,
ti ọ̀tún ń wo ayé bí ẹni tó wà nínú ìkùukùu.

Mosúnmọ́lá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì,
ẹrẹ̀ ti gun bọ́ọ̀tù rẹ̀ dé orúnkún,
ó ní ọgbà àwọn kò tóbi:
"Kí ẹ tó jẹ gúgúrú tán, ẹ ti yí i ká."
Ó ń pe ẹran bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.
Ọ̀nì kan wà tó ń jẹ́ Alága, kò mira látàárọ̀,
ọ̀rá píọ̀-wọ́tà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.
Ọ̀kín kan wà, ìrù rẹ̀ ti já, síbẹ̀ ó ń yan.
Ọ̀bọ na ọwọ́ yọ láàrin wáyà,
ó fa fìlà bàbá mi lọ, ó dé e.
Ó yẹ ẹ́.
Àwọn ọmọ ilé-ìwé pariwo, wọ́n yọ fóònù.
"Ẹ fi sílẹ̀ fún un," ni bàbá wí,
"ó mọ ohun tí mo jẹ nílé wọn."

A wá dé ọ̀dọ̀ ẹtu.
Ẹlẹ́sẹ̀ bí igi ìṣáná,
ojú dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin.
Bàbá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ẹtu kò sá.
Ó tún pa á.
Ẹtu sún mọ́ wáyà, ó ń wá ewé ọ̀dùnkún lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ṣe bí inú rẹ̀ yóò dùn.
Ó yíjú kúrò.
"Ẹtu tí kò sá," kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀,
"ta ni yóò mọ̀ pé ẹtu ni?"

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ọgbà tó lọ sódò,
arère, ayùnrẹ́, ọmọ́, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lára.
Níbẹ̀ ni ọ̀pá bàbá dákẹ́.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, ewé kò gbọ́.
"Àtíòro méjì," ó ní. "Ọ̀kan ti darúgbó."
Ewé nìkan ni èmi rí.
Mosúnmọ́lá kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́,
ọdún kẹta rẹ̀ nìyí níbẹ̀.

Ó ṣáájú wa. Bàbá bẹ̀rẹ̀,
mo rò pé ó ṣubú ni.
Ìka rẹ̀ ti wọ inú ẹrẹ̀ lẹ́yìn wáyà,
lápá ibi tí igbó wà:
ojú ẹsẹ̀ kékeré, bí awẹ́ obì méjì tí wọ́n fi tẹ ilẹ̀.
"Lẹ́yìn òjò ni," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.
"Ó dúró síbí. Ó pẹ́.
Ó ń wo ti inú ilé."
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ọdẹ tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́ mọ́,
ó wá bọ́ bàtà,
ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa ojú ẹsẹ̀ náà rẹ́, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ sábẹ́ ọmọ tó ti sùn.
Ó já ewé lé e.

Nígbà tí a délé, ìyá mi bi í pé kí ló rí.
Ẹrẹ̀ ti gbẹ sí i lẹ́sẹ̀, kò jẹ́ kí n bu omi.
"Ọ̀bọ kan," ó ní,
"ó dé fìlà mi."