Ẹ̀yìn la Rí

Yadár ni wọ́n ń pe baba mi ní Fẹ́ẹ̀sì.
Òòlù kékeré kan ni gbogbo ohun ìní rẹ̀,
ẹnu òòlù náà mú ju ẹnu ìyá ọkọ lọ.
Ó ń fi gé amọ̀ dídán sí wẹ́wẹ́:
ìràwọ̀, ṣóńṣó ewé,
èyí tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́;
funfun, dúdú, aró, àwọ̀ oyin.

Àwọn ọmọ Màrín ló ń sanwó.
Darandaran ni baba ńlá wọn,
abẹ́ àgọ́ onírun ewúrẹ́ ni wọ́n bí wọn sí.
Ẹni tí atẹ́gùn ti ká ilé rẹ̀ bí ẹní rí
ló mọ iyì ògiri.
Wọ́n gbàlú tán, àwọn àgbà ìlú ṣì ń wò wọ́n:
ọmọ ta ni yín?
Wọn ò fi idà fèsì.
Ilé kéú ni wọ́n kọ́.
Wọ́n ní kí igi kédárì ti orí òkè wá,
kí omi odò gba àárín àgbàlá,
kí owó ilé ìwẹ̀ àti ìsọ̀ àwọn oníbàtà
máa bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí ayé.
Títí ayé! Baba mi rẹ́rìn-ín.
Owó iṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n jẹ ti wọ oṣù kẹta.

Àlejò a máa rò pé ńṣe la ń lẹ̀ ẹ́ mọ́gi.
Rárá o. Ìdojúbolẹ̀ la ń tò ó.
Ojú tó ń dán kọ ilẹ̀,
ẹ̀yìn ló kọjú sí wa,
pupa kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.
A ó da ẹfun lé e, a ó dúró kó gbẹ,
a ó gbé e nàró,
ìgbà náà lẹni tó ṣe é tó máa rí i.

Lọ́jọ́ tí ọba wá wò ó,
wọ́n ní kí a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.
Mo fetí lé ògiri: ó dákẹ́,
ó pẹ́,
ó wá wúkọ́.

Ọba yẹn ti kú. N ò ka iye tó ti jẹ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́,
ọmọ ìyá ń fi ọ̀bẹ gbapò lọ́wọ́ ọmọ ìyá.
Wanúdín ọmọ ọmọ mi ń kéú níbẹ̀ báyìí.
Ó ní: ìyá àgbà, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ojú omi,
ọ̀kan wà tó yẹ kó jẹ́ aró,
àwọ̀ oyin ni.

Mo mọ̀ ọ́n.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ọwọ́ mi ló tò ó.
Baba mi fìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ pupa,
ó ní, ó dára.