Ọwọ́ Tíṣà Fámúyìwá

Ibi mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ òsì,
Tíṣà Fámúyìwá ló kà wọ́n fún wa.
Ó kán tàdáwà sórí oríkèé kọ̀ọ̀kan,
láti ṣóńṣó àtàǹpàkò
títí kan ìdí ọmọńdinrín:
ùt, re, mi, fa, sol, la.
Ó ní àwọn mọ́ńkì ayé ijọ́un
kò ní ìwé tó kárí ọmọdé,
ọwọ́ ni wọ́n sọ di síléètì.
Ẹni tó bá gbàgbé orin, kó wo àtẹ́lẹwọ́.

Èmi tí mo ti gbọ́ dò, re, mí lẹ́nu yèyé mi
kí n tó mọ orúkọ ara mi,
mo ní: Tíṣà, mẹ́ta tó wa í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayé,
kí làwọn òyìnbó fẹ́ fi mẹ́fà ṣe?
Ó ní kí n kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ Olósùnta,
ó fi igi fa ilà mẹ́rin sílẹ̀ bí poro oko.
Ó bu osùn sí ọ̀kan: ilé fa nìyí.
Ó fún omi ìyeyè sí òmíràn: ilé ùt.
Àmì onígun mẹ́rin ló ń tò sórí wọn
bí ègé uṣu nínú ìkòkò.

Ó wá kan ohùn méjì.
Ọ̀kan á di orin mú, kò ní yẹsẹ̀, òpó ni;
èkejì á máa lọ́ mọ́ ọn bí ìtàkùn.
Tàbí kí wọ́n jọ máa rìn,
bí àwọn tó gbé pákó gígùn gun òkè,
ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀,
ìpele márùn-ún láàárín wọn, kò gbọdọ̀ dín.
Ẹ̀kẹrin dùn. Ẹ̀karùn-ún dùn.
Ẹ̀kẹta ńkọ́?
Ìwé ní ó kan.

Ọ̀nà ọ̀fun wa kò gbọ́ ti ìwé.
A ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́karùn-ún,
ká tó dé Àmín a ti yọ̀ bọ́ sẹ́kẹta,
bí ewúrẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé.
Tíṣà á lu tábìlì: "Ẹ̀yin ará oko!"
Yèyé Fálowó, tó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbójú sókè:
"Wọn ò ṣìnà o.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọrin ìyàwó,
bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọrin òkú,
kí ìwé yín tó gun òkè dé ibí."

Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ní Kérésì.
Tíṣà gbé àrà tuntun dé:
bí ohùn òkè bá ń gòkè, kí tìsàlẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀.
Ó lẹ́wà lórí ilà.
Àwa obìnrin gbé e: Olúwa, gba ọwọ́ mi.
Nísàlẹ̀, ọwọ́ ti di ọwọ̀,
àwọn bùọ̀dá oníbáàsì ń fohùn ńlá
bẹ Ọlọ́run kó wá gba ìgbálẹ̀.
Yèyé Fálowó na tirẹ̀ sókè ọ̀run:
"Ó wà níbí, Olúwa, ẹ gbà á!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀,
"ìdí tẹ́ ẹ fi jọ ń rìn nìyẹn.
Bí ẹnì kan bá dá gòkè, ọ̀rọ̀ á ya."
Ó mú pẹ́ńsù. Ó kọ ẹ̀kẹta.
Bíṣọ́ọ̀bù ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ní ọsibítù Adó,
apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́.
Mo jókòó tì í, n ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Ó na ọwọ́ òsì. Àtàǹpàkò rẹ̀
bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí oríkèé,
ó ń falẹ̀: sol, fa, mi.
Mo kọ ọ́ bó ṣe ń tọ́ka.
Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo gba ìsàlẹ̀:
mi, re, ùt.

Kò lu tábìlì.
Kò kúkú sí tábìlì nítòsí.
Ó wò mí,
ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti sol.